Lẹ́tà Wúrà

Èmi ni mo ń lẹ bébà mọ́ ìgò
ní ilé-iṣẹ́ Malkhaz, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Kutaisi.
Ẹgbẹ̀rún ìgò lóòjọ́. Gbogbo ìka mi ń run gọ́ọ̀mù.
Òkè oníyìnyín wà lórí bébà náà,
orúkọ abúlé kan sì wà lábẹ́ òkè ní lẹ́tà wúrà: Bakhvari.
"Ojúlówó oyin, láti ọwọ́ àwọn baba ńlá wa."
Baba ńlá ta ni?
Inú àgbá búlúù ni oyin náà ń bá wọlé lóru,
ìdajì rẹ̀ ṣúgà,
ìdajì yòókù, ẹ má bi mí.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lójú ọ̀nà, Tsiala dé,
arúgbó tó wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀,
ó mú ìwé kan dání tí lọ́yà Malkhaz kọ sí i:
kó má kọ Bakhvari sára ìgò rẹ̀ mọ́.
Ìgò rẹ̀! Ìgò kúkúńbà àtijọ́ mẹ́rìnlá,
tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí.

Malkhaz fi òǹtẹ̀ ìjọba hàn án.
"Mo sanwó orúkọ yẹn ní Tbilisi, ìyá. Tèmi ni."

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ,
àmọ́ ẹni tí kò lẹ́ṣin ló di ìjánu yìí mú.

Ìyá náà ò pariwo.
Ó ní, "Wọ́n ti gbẹ́ ẹ sára òkúta ibojì ọkọ mi:
wọ́n bí i ní Bakhvari, ó kú ní Bakhvari.
Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.
Èló ni kí ó san?"

Ó ṣí ìgò kan, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a.
"Èyí ò gun òkè rí láyé rẹ̀."
Ó wá fi itọ́ rin bébà náà, ó rọra ń bó o,
bí ẹní ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ tó ti sùn,
ó ká a, ó kì í bọ àyà,
ó fi oyin sílẹ̀ lórí tábìlì.
Malkhaz ń kígbe olè.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọwọ́ mi,
kò wo ojú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Gọ́ọ̀mù lọ.
Èérún wúrà kan ṣì há sábẹ́ èékánná mi,
ẹsẹ̀ lẹ́tà kan, n ò mọ èwo.
N ò tíì yọ ọ́.