Okùn Ìwọ̀n Ráfátù

Lẹ́yìn Òkè-Báálẹ̀, Ráfátù ń fi okùn wọn ìbàdí igi,
ó ń kọ ọ́ sínú ìwé tí òógùn ti mú rọ̀.
Arère etí Ọ̀ṣun fi ìka méjì sanra lọ́dún tó kọjá;
ayùnrẹ́ orí àpáta, hóró ìrẹsì kan péré.
Igbó kan náà, òjò kan náà,
ọ̀fun wọn ò dọ́gba.

Ọ̀dá wá dé. Oṣù márùn-ún,
ojú ọ̀run Òṣogbo mọ́ bí àwo tí ajá lá.
Àwọ̀n tó ta sábẹ́ igi kún fún ewé
tí ọjọ́ wọn ò tíì pé.
Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n.
"Igbó ń san owó ìtanràn," kò sì rẹ́rìn-ín.

Mo ti rò pé ti orí àpáta ni yóò kọ́kọ́ kú.
Rárá o. Ayùnrẹ́ wọ́wé kalẹ̀, ó dákẹ́,
bí ọmọ tó ti ń febi sùn tipẹ́.
Arère, ọmọ olódò tí kò mọ òùngbẹ rí,
òun ló gbẹ láti orí wá sílẹ̀.

Òjò padà. Okùn dúró lójú kan lára arère.
Lókè, ewé kan yọ, kò ju èékánná lọ.
Ráfátù wọn ayùnrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Kò tíì kọ nǹkan kan.