Ààlà ní Moynaq

Ní Moynaq, ọkọ̀ ojú omi jókòó sórí iyanrìn,
wọ́n ti dógùn-ún, ràkúnmí ń fara yún ìdí wọn.
Fèrèsé kíláàsì wa dojú kọ wọ́n,
ìyẹn ni Olùkọ́ Ulbosin ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì kan pátákó
kó tó la ẹnu.

Ó ní: ẹ gbàgbé orúkọ ńlá. Ẹ pè é ní ọlọ.
Àlìkámà wọlé, ìyẹ̀fun jáde.
Ohun tí ẹ bá dà sí i ló máa lọ̀ fún un yín,
kò ní gba ẹyọ kan kó dá oríṣi méjì padà.
Èyí tó kọ lónìí ń lọ nọ́ńbà gbogbo kúnná,
àfi ení.
Da ení sí i: òdo lórí òdo,
ọlọ há.

“Perdebay, kí ló wà níbẹ̀?”
Ihò ni, Apay.
“Má fẹsẹ̀ tẹ ihò. Sún mọ́ ọn.”

Mo gba ọwọ́ òsì:
0.9 wọlé, 1.9 jáde,
0.99 wọlé, 1.99 jáde.
Mo yí gba ọwọ́ ọ̀tún:
1.01 wọlé, 2.01 jáde.
Èjì ni gbogbo wọn ń lé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
“Ààlà nìyẹn,” ó ní.
“Ihò ò lè sọ ibi tí ọ̀nà ń lọ nù.”

Nílé, mo dán an wò lára òkun.
Bàbá bàbá mi ń bá ọwọ́ òsì bọ̀, láti ayé àtijọ́:
ó ní omi máa ń gbá ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn,
ó ní àwọ̀n wúwo títí apá fi ń gbọ̀n.
Èmi ń bá ọwọ́ ọ̀tún bọ̀, láti òní sẹ́yìn:
eruku. Ìkarahun. Eruku.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
òsì kò bá ọ̀tún dọ́gba, ààlà kò sí.

Bàbá kò wo ìwé.
Ó fà mí lọ́wọ́ dé ìta, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà àríwá,
ó yọ ahọ́n bí ọmọdé,
ó ní kí n yọ tèmi.

“Kí lo tọ́ wò?”
Iyọ̀.
“Èmi náà.”

Mo wọlé, mo fi rọ́bà pa ìlà ìkẹyìn rẹ́.
N kò tíì mọ ohun tí màá kọ síbẹ̀.