Eyín Kan Síwájú, Eyín Kan Sẹ́yìn

Ìdí ọkọ̀ náà ga bí ti àgbò tó fẹ́ kàn,
imú rẹ̀ ń gbóòórùn ilẹ̀.
Bàbá mi jókòó sórí garawa ọ̀dà tí a dojú rẹ̀ dé,
ó ní, "Ìbídùn, tún ibẹ̀ yẹn wọ̀n."
Mo na tépù láti ilẹ̀ dé etí ihò táyà:
ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn, mẹ́tàlélógún níwájú.
"Ó ga jù."
Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìjàpá ni ọkọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ ewé,
tó rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Selkirk.
Ó bọ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó ránṣẹ́ ra èèpo mìíràn,
ike àti òwú dígí nínú àpótí mẹ́ta,
ojú rẹ̀ yọ síta bí ti ọ̀pọ̀lọ́.
Owó ẹ̀rọ amúlégbóná ni.
Òtútù Winnipeg lọ́dún yẹn, ìyá mi ò tíì dárí jì í.

Ṣùgbọ́n irin abẹ́ rẹ̀ ò mọ̀ pé èèpo ti fúyẹ́.
Ẹrù àtijọ́ ló ṣì múra sílẹ̀ dè,
bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbé garawa tó rò pé ó kún,
tí garawa ṣófo, tí ọwọ́ rẹ̀ sì fò sókè.

Kì í ṣe irin tó ká bí ejò ló gbé e ró.
Ọ̀pá ni, kò nípọn ju àtàǹpàkò Bàbá lọ,
ó ń fi lílọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ̀.
Ogójì eyín ní orí rẹ̀ ti inú,
mẹ́rìnlélógójì ní orí tó kọjú síta.
"Yí tinú ní eyín kan síwájú,
dá tìta ní eyín kan padà sẹ́yìn.
Ohun tó bá ṣẹ́kù láàárín wọn,
tíntín báyìí, òun ni à ń wá."
Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.
"Gbogbo ọdún tí mo lò nílùú yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni."

Mo dùbúlẹ̀ sórí páálí. Yìnyín tó ń yọ́
gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó rin mí léjìká.
Bóòtì ìsàlẹ̀ ṣọ́kì ti dípẹtà, kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀;
súpánà yọ̀, ó bó awọ oríkèé ìka mi.
Bàbá ní kí n fi ẹfun sàmì kí n tó tú u.
Mo ti tú u.
Ó dákẹ́. Ó mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń dunni.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ a sọ jáàkì kalẹ̀.
A kì í wọn ọkọ̀ lófìfo;
ẹni tí yóò wà á gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀,
tàbí àpò ìrẹsì tó wúwo tó o.
Nínú ìwé rẹ̀ tí gíríìsì ti jẹ létí
ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Èmi, kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.*
Lọ́jọ́ Tusidé, òṣùwọ̀n ilé ìwòsàn ní mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Mo gbé ìrẹsì lọ́wọ́, mo bi í pé,
"Ìwọ̀n èwo?"

Ó wo ìwé náà títí. Ó pa á dé.
"Gbé àpò yẹn sílẹ̀. Ìwọ wọlé."

Mo wọlé. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀ lábẹ́ mi.
Nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mo rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
ọwọ́ kan lórí ike, ọwọ́ kejì lórí tépù.
"Ó ku ìdá mẹ́rin ínṣì," ó ní. "Lọ́la."

Ó pa iná àárín, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ sílé.
Èmi ṣì jókòó síbẹ̀, mo di ìdarí mú,
n kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀,
kó má baà tún ga.