Òṣùká Òfuurufú

Ìyá mi ru kòkó láti Abà Fáṣẹ́hùn wá sí Ọ̀kẹ̀sà
lọ́dún tí wọ́n bí mi. Ibùsọ̀ mẹ́rìnlá.
Àárín orí rẹ̀ pá, ó rí róbótó bí ẹnu ife,
ibi tí òṣùká ń jókòó sí.
Bí mo bá ń dirun fún un, ọwọ́ mi á máa yí i po.

Èmi ò ru kòkó. Aṣọ ni mo ń rán.
Fápọ̀hùndà jórinjórin wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan,
ó ní, “Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, ṣé o lè rán ẹ̀wù
fún nǹkan tí kò lọ́rùn, tí kò lápá?”
Mo bi í bó ṣe tóbi tó.
Ó nawọ́ sí ilé alájà mẹ́ta tó wà lódìkejì títì.
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí odò Arómi ti gbé afárá abà náà mì,
kò tilẹ̀ gbin.
Irin tí wọn yóò fi tún un ṣe wà ní Iléṣà, ó ń dípẹtà.
Ọkọ̀ akẹ́rù ò lè dé ibi tí kò sí afárá,
afárá ò sì lè dé ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ò dé.
Ta ni kó wá kọ́kọ́ dé?

A tẹ́ aṣọ náà ká pápá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn Ìmọ̀.
Àwọn àgbà tó ń kọjá ní, a kúkú mọ̀ pé ọmọ ẹlẹ́ní àtẹ́ẹ̀ká ni wá,
ṣùgbọ́n ẹní wo nìyí tí yóò dìde fúnra rẹ̀?
Fápọ̀hùndà gba ìṣáná lápò gbogbo wa.
Bàbá Ajíbúlù, tó féràn sìgá ju oúnjẹ lọ, bínú lọ sílé:
“Ìjẹ̀ṣà tó ń múná láti ilé roko,
ẹ̀yin ẹ wá ní ká fi iná sílé!”

Gáàsì wọlé. Aṣọ náà mí bí aboyún tó sùn.
Ó dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: ti àkọ́kọ́ bàjẹ́.
Ogójì àpò yanrìn la so mọ́ ọn.
Bí a ṣe tú u sílẹ̀ nítòsí Ìbòkun,
ó fò sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè òṣómàáló tán,
ó lọ fikùn gún ọ̀pẹ.
Òru mọ́kànlá ni mo fi rán ojú ọgbẹ́ rẹ̀.
Lóru kẹsàn-án, abẹ́rẹ́ gún mi, ó sì yé mi:
ẹrù gbígbé kọ́ ni ìṣòro. Sísọ̀ ni.
Ìyá mi náà, bó bá sọ ẹrù, á di ògiri mú
títí ilẹ̀ yóò fi padà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òpó irin mẹ́ta ré kọjá lókè igbó,
òjìji wa ń wọ́ lórí ewé kòkó, àwọn ọ̀bọ panu mọ́.
Mo wà nínú agbọ̀n ìsàlẹ̀, òwú lẹ́nu, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.
Lábà, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ wọn ò sófo.
Wọ́n ti tò láti etídò, garawa ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́,
ọmọdé, arúgbó,
olùkọ́ kan tó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.
Bí irin kan bá ti kanlẹ̀, omi á máa gòkè wá sínú táńkì wa.
Omi Arómi, èyí tó jẹ afárá,
òun náà ló dì wá mú tí a ò fi bá ọ̀run lọ.

Nígbà tí a ń padà, mo bi Fápọ̀hùndà pé
bí afárá bá dúró tán, ta ni yóò tún pè wá?
Ó ń fi ìka ka okùn. Kò dáhùn.
Táńkì ń jò díẹ̀.
Ẹ̀kán omi kan já bọ́ sí àárín orí mi gan-an.
Mi ò nù ún.