Ọ̀dà Pupa Tán

Agolo méjì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ láàárọ̀,
ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé,
pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kan, ìgò kan, àti ìwé pélébé tó funfun bí eyín ọmọdé.
"Bidhan, kànga ẹ̀rọ tó bá dára, kùn ún bí ewé.
Èyí tí kò bá dára, kó pọ́n."
Iṣẹ́ ọmọdé, mo ní. Owó ọjọ́ kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí odò Meghna, níbi tí wọ́n ń sá àwọ̀n.
Mo fa omi, mo da ẹ̀bù sí i, mo dé e,
mo jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.
Ogún ìṣẹ́jú.
Ìwé funfun di àwọ̀ ìyeyè, ó di àwọ̀ tábà.
Mo kun ti Horipodo. Mo kun ti ilé ìwé.
Mo kun ti Sukhada, ó ń bú mi bí mo ṣe ń kùn ún:
"Omi tó mọ́ gaara yìí!"
Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò lóòórùn. Kò korò.
Ó tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ọwọ́ ìyá níwájú orí.

Ọ̀gá wa ti fi ṣọ́ọ̀kì yà á fún wa:
láti àwọn òkè oníyìnyín ni odò ti ń ha iyẹ̀pẹ̀ bọ̀ láti ayébáyé,
ó ń tò ó sábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ipele lórí ipele.
Májèlé lẹ̀ mọ́ ìdógùn-ún ara iyanrìn, ó sùn.
Ewé tó rì sẹ́rẹ̀ ń jẹrà, ó ń fa gbogbo èémí tó wà nísàlẹ̀,
ìdógùn-ún yọ́, ẹni tó sùn jí, ó bọ́ sómi.
Ásẹ́níìkì. Ó ní ká pè é lẹ́ẹ̀mẹta.
Kò sí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kí kànga tó dé, adágún là ń mu.
Bàbá mi sin ọmọ méjì lọ́dún kan nítorí adágún.
Ló bá ta ìdì jútù ọdún méjì, ó ra páìpù.
Ẹni tó da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù:
bàbá mi da tirẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́,
àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le, ó sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀,
àmì dúdú kún àyà rẹ̀, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sórí eruku.
A ní ẹ̀tẹ̀ ni. A ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.
Èmi ni mo ń bu omi kànga fún un, kó fi lo oògùn.

Ọ̀dà pupa tán lójúlé kẹtàdínlógójì.
Ti aláwọ̀ ewé ṣì kún, kò tíì fà ju ìka kan lọ.
Ilé wa ló kù.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló fa omi náà.
A jọ wo ìwé. Kò pẹ́ rárá tó fi dúdú.
Ó wo agolo òfìfo. Ó wo èkejì.
"Malati ń lọ ilé ọkọ lóṣù tó ń bọ̀.
Ta ni yóò fẹ́ ọmọ ilé kànga pupa?
Aláwọ̀ ewé ṣì wà, Bidhan."
Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo tì í bọ̀ ọ́.
Ó ń kán, tó, tó, sórí símẹ́ńtì tí bàbá fi ìka kọ orúkọ wa sí.

Malati jáde láti ilé ìdáná, ìgò àlítà lọ́wọ́ rẹ̀,
omi pupa tí a rà láti fi kun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.
Kò wo ojú ẹnì kankan.
Ó tú u sórí ẹ̀rọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká
bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ tuntun.
Ìgbà yẹn ni mo rí àtẹ́lẹwọ́ náà,
kókó wẹ́wẹ́ tó le, bí ìyẹ̀fun tí wọn ò kù.

Òjò àkọ́kọ́ yóò fọ̀ ọ́. Mo ní n óò mú ọ̀dà gidi bọ̀ lọ́la.
Ìyá mi ti gbé ìkòkò sí ìbàdí,
ó ń bèèrè ilé tí mo kùn bí ewé.
Mẹ́ta péré ni.
Èyí tó sún mọ́ wa jù wà lódìkejì odò.