Àjèjì Ìkọjá Odò

Láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Marietta
mo ń gbọ́ ajá Ọ̀gbẹ́ni Sprague tó ń gbó lódìkejì Odò Ohio.
Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń din ẹran ẹlẹ́dẹ̀, imú mi mọ̀
(irọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn).
Síbẹ̀ ìwé orí tábìlì yìí pè wá ní àjèjì.

Bàbá mi, Delbert Hupp, kò mọ̀ pé odò ń bi èèyàn léèrè.
Bí ihò èéfín bá ti wó lórí òrùlé ẹnìkan,
yóò gbé àkàbà sórí ọkọ̀, yóò gba orí afárá,
yóò to bíríkì, yóò gbowó, yóò padà wá jẹun alẹ́.
Lọ́dún tó kú, ó tún ihò èéfín mẹ́rin ṣe
fún ilé ìtura kan ní Parkersburg.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yìnyín ń bọ́ sí i lọ́rùn.
Onílé ìtura ní òun yóò san án lọ́la.
Ọ̀la di ọ̀tunla,
ọ̀tunla di ọjọ́ tí a sin bàbá mi.

Lọ́yà Tackett bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.
"Corliss, ṣé ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ yín sílẹ̀ níhìn-ín?"
Mo ní a fi sílẹ̀ ní Ohio, ọdún kọkànlélógún rèé.
Ó ní, "Ohio ni Ohio ń jẹ́.
Wọ́n lè pè yín lẹ́jọ́ níhìn-ín, ẹ ò lè pe ẹnikẹ́ni.
Etí ni òfin fún yín, kò tíì fún yín lẹ́nu."

Mo wá jókòó ti ìwé.
Wọ́n béèrè ibi tí a bí i, ọjọ́ tí a bí i.
Wọ́n ní kí Ohio jẹ́rìí pé ọmọ náà níwà,
pé kò jẹ gbèsè owó orí, pé kò tíì kú.
Ẹ̀rí yẹn dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà.
Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì há mi lọ́fun:
ẹni tó bí i ti lọ, ìjọba ń búra pé ọmọ wà láàyè.

Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìyá mi là á yé mi:
bí gbèsè bá dé, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
kò gbọdọ̀ wọ yàrá wá gbé bẹ́ẹ̀dì wa.
Ọgbà ni, ó ní. Ọgbà tí a fi ìwé ṣe.

Wọ́n dá ìwé padà.
"Hupp àti Ọmọ" ti wà níhìn-ín, ẹlòmíràn ló ń jẹ ẹ́.
N ò béèrè ta ni.
Royce ni, àbúrò bàbá mi,
tó kọjá odò lọ́dún tí wọ́n jà nítorí àkàbà,
tó fi àkàbà sílẹ̀, tó gbé orúkọ lọ.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wò.

Òfin gbà mí láyè kí n yan orúkọ mìíràn fún ìhà ọ̀hún.
Mo kọ mẹ́ta sẹ́yìn àpò lẹ́tà:
Èéfín Yóò Gòkè. Bíríkì Corliss. Ọmọbìnrin Delbert.
Mo pa gbogbo wọn rẹ́.

Ní Sátidé mo gba orí afárá.
Imú bàbá mi ló wà
lójú arúgbó tí n ò mọ̀.
Kò ní kí n jókòó. Ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan,
ó fọwọ́ sí i pé kí orúkọ náà gbé lọ́dọ̀ wa méjèèjì.
Ó wá fọwọ́ ba ibi tí mo fi sílẹ̀ lófìfo:
aṣojú, ẹni tó ń gbé níhìn-ín, tó nílẹ̀kùn tó ṣeé kàn,
tí yóò máa gba ìwé ẹjọ́ dè wá.
"Ta lo fẹ́ fi síbí?"
Mo ní n ó sanwó fún àjèjì kan.
"Èmi ńkọ́?" ló wí, "ṣé n ò tíì jẹ́ àjèjì tó ni?"
Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá ńlá, bíi ti bàbá mi.

Kò bi mí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kú.
Ó bi mí bóyá àkàbà yẹn ṣì wà.
Mo ní ó wà lórí ọkọ̀ níta.
Ó jáde lọ wò ó nínú yìnyín, láìwọ kóòtù.