Àlàfo Àárín

Bẹ́ẹ̀dì eléèyàn kan, àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà ni ìbú rẹ̀:
ẹni tó bá yíra padà lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ ni yóò kí i káàárọ̀.
Ti àwọn Faransé, ogóje ni; ìjà ò gbàyè níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n èyí tí a ń pè ní ti ẹni méjì nílùú Graz níhìn-ín,
fóòmù méjì ni, a kàn tì wọ́n mọ́ra,
aṣọ ìbora méjì, a ká wọn bí ìwé.
Èmi Zdenka ni mo ń tẹ́ ẹ láràárọ̀.
Mo ti bá owó ẹyọ nínú àlàfo yẹn, mo ti bá yẹtí,
mo ti bá eyín bàbá àgbà kan.

Lọ́dọọdún ni Hiltrud máa ń bú u:
“Ottmar, mo tún já sí kòtò!”
Ọkọ a rẹ́rìn-ín, a na ọwọ́ sí i.

Lọ́dún yìí, Ottmar nìkan ló dé.
Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ eléèyàn kan sí i.
Ó mi orí,
ó san owó ẹni méjì.

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀,
apá òsì ò rún, apá ọ̀tún ò rún.
Àárín ló tẹ̀,
níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sùn.